Ọ̀rọ̀ Àpọ́nlé fún Àwọn Àna

Nígbà tí àbúrò mi ọkùnrin pè wá láti Port Harcourt pé òun ti rí ẹni tí òun máa fẹ́, ohun tí bàbá mi kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ṣé ọmọ náà gbọ́ Yorùbá?"

Àbúrò mi ní ó gbọ́ 'ẹ káàárọ̀', ó sì gbọ́ 'ẹ wá jẹun'.

Bàbá mi rò ó díẹ̀. "Ó ti gbọ́ èyí tó ṣe kókó. Àwọn òbí rẹ̀ ńkọ́?"

Àbúrò mi ní àwọn yẹn kò gbọ́ ẹyọ kan. Ará Akwa Ibom ni wọ́n, èdè Ìbíbíò ni wọ́n ń sọ láàárín ara wọn, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń bá àlejò sọ̀rọ̀. Ó tún ní bàbá ọmọ náà ti sọ pé kí a tó wá tọrọ ọmọ lọ́wọ́ òun, òun fẹ́ kọ́kọ́ fi ojú ara òun rí ilé tí ọmọ òun ń lọ. Òun àti ìyàwó òun máa wá kí wa ní Àgọ́-Àrẹ kí ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ tó parí.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kò dá wa dúró. Mùsùlùmí ni bàbá mi, ṣùgbọ́n ìdajì àwọn ẹbí ìyá mi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó jẹ́ baálé ilé wa kò sì tíì fi Ògún bàbá rẹ̀ sílẹ̀ títí di òní. Gbogbo wọn ló ń jẹ ẹran iléyá, gbogbo wọn ló sì ń jẹ ìrẹsì Kérésì. Ẹnu tí a máa fi bá àlejò sọ̀rọ̀ nìkan ló kù.

Èmi ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìsẹ́yìn, ìsinmi ló sì gbé mi wá sílé. Mo sọ fún Bàbá pé kí wọ́n sọ tiwọn ní Yorùbá, èmi á máa túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n wò mí bí ẹni tó ní òun fẹ́ bá wọn jẹ oúnjẹ wọn kí wọ́n sì máa wo òun lẹ́nu.

"Àna mi á ti ọ̀nà tó jìn tó bẹ́ẹ̀ wá, ẹnu ẹlòmíràn ni màá wá fi kí i? Kọ́ mi ní Gẹ̀ẹ́sì."

Kì í ṣe pé Bàbá kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ìwé kẹrin ni wọ́n kà dé kí bàbá tiwọn tó mú wọn lọ sóko. Lẹ́yìn náà, wọ́n wa katakata fún oko ìjọba fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí àwọn katakata ọ̀hún fi kú tán lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó gbájú mọ́ oko kajú àti oko iṣu tiwọn. Gẹ̀ẹ́sì katakata ni wọ́n gbọ́. Wọ́n mọ kílọ́ọ̀ṣì, wọ́n mọ bíréèkì, wọ́n mọ rìfáàsì. Wọ́n sì máa ń gbọ́ rédíò, wọ́n á sì mọ̀ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ bá ń bínú. Bí a ti ń to ọ̀rọ̀ pọ̀ títí yóò fi di ìkíni gidi ni wọn kò mọ̀.

A bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́yìn ìrun alaásárì. Bàbá tẹ́ ẹní, wọ́n ká ẹsẹ̀ kò bí ọmọ ilé kéwú, wọ́n sì ní kí n má ṣojú àánú o, bí àwọn bá ṣì í kí n bá àwọn wí. Mo pinnu pé mi ò ní kó ọ̀rọ̀ púpọ̀ dà sí wọn lórí. Mo ní ohun tí ń mú kí ọ̀rọ̀ ẹni dà bí ọ̀rọ̀ àgbà ni kéèyàn lè sọ bí nǹkan ṣe rí àti bí wọ́n ṣe ṣe é. Ibẹ̀ ni mo ti mú un.

"Bàbá, bí ọkọ̀ kan kì í bá sáré, 'slow' ni ọkọ̀ yẹn. Ọ̀rọ̀ àpèjúwe nìyẹn, ọkọ̀ náà ló ń ṣàpèjúwe. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ń lọ, tí a fẹ́ sọ bó ṣe ń lọ, 'slowly' la máa wí. Ọ̀rọ̀ àpọ́nlé nìyẹn."

"Àpọ́nlé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó ń pọ́n ọ̀rọ̀ ìṣe lé."

Bàbá ń mi orí. Ó yé wọn lóòótọ́, àmọ́ ohun tó yé wọn kọ́ ni mo sọ.

A lọ bẹ́ẹ̀: 'bad' di 'badly', 'kind' di 'kindly', 'careful' di 'carefully'. Bàbá ń fi ìka ka 'ly' náà bó ṣe ń jáde. Wọ́n ní ìrù ni.

"Ìrù kan náà ni wọ́n ń so mọ́ gbogbo ẹran," ni wọ́n wí. "Ní tiwa, ohun tó bá ga, fíofío ló ń ga. Ohun tó bá pupa, fòò ló ń pupa. Ohun tó bá mọ́, tónítóní. Bí o bá sọ pé igi kan ga tónítóní, wọ́n á ní kí wọ́n mú ọ lọ fún ìtọ́jú. Kálukú ló ní èyí tó bá a mu. Ṣùgbọ́n Òyìnbó, ìrù tó so mọ́ ẹṣin ló so mọ́ ewúrẹ́, òun náà ló so mọ́ àkùkọ."

"Ìyẹn ló jẹ́ kó rọrùn, Bàbá."

"Ó rọrùn. Ọ̀lẹ ló ń ṣe wọ́n." Wọ́n tún ìjókòó ṣe. "'Good' ńkọ́? 'Goodly'?"

"Rárá, sà. 'Good' ló máa ń di 'well'."

"Kànga?"

"Ti kànga ọ̀tọ̀, tibí ọ̀tọ̀."

"Nítorí náà, bí mo bá jẹun yó, kànga ni mo jẹ." Wọ́n wo ojú ọ̀run. "Kí ni 'good' ṣe fún wọn tí wọn ò fi fún un ní ìrù?"

Mo sọ fún wọn pé àwọn mìíràn náà wà tí kì í gba ìrù. 'Fast' ń jẹ́ 'fast' níbi méjèèjì. 'Hard' náà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ gidigidi, 'he works hard' la ń wí. Bí mo ti pe 'hard' yìí, Bàbá ní kí n tún un pè. Mo tún un pè. Àwọn náà pè é lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń fi ìdí odó gún ilẹ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tó lágbára nìyí, àfi bí ìgbà tí irin bá irin.

"Ẹ má ṣá so ìrù mọ́ ọn o, Bàbá," mo wí. "Bí ẹ bá so ìrù mọ́ ọn, nǹkan mìíràn pátápátá ló máa dà."

Mo fẹ́ sọ ohun tó máa dà fún wọn ni òjò ṣú. Ìyá mi ké láti ẹ̀yìnkùlé pé iṣu gbígbẹ tí àwọn sá sórí àpáta fẹ́ bàjẹ́ o, ni gbogbo wa bá dìde tàwa ti apẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí a fi máa kó o wọlé tán, Bàbá ti gba mọ́ṣáláṣí lọ. Ní ọjọ́ kejì, ẹ̀kọ́ òdì-kejì la bẹ̀rẹ̀, a kò padà sórí 'hard' mọ́.

Ẹ̀kọ́ òdì-kejì náà kò kọ́kọ́ lọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òdì tirẹ̀ ni Bàbá bá gbé ojú sókè.

"Ọ̀rọ̀ òdì? Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán?"

"Kì í ṣe irú ìyẹn, sà. Bíi dúdú àti funfun ni. Bíi lílọ àti bíbọ̀."

"Rìfáàsì lo fẹ́ sọ."

Mo ní ó dáa, ẹ jẹ́ ká pè é ní rìfáàsì. Láti ìgbà náà ló ti ń yá. Rìfáàsì 'slowly' ni 'quickly'. Rìfáàsì 'loudly' ni 'quietly'. Rìfáàsì 'carefully' ni 'carelessly'. Nígbà tí wọ́n wá rí i pé a lè fi 'un' sí iwájú ọ̀rọ̀ kan kó sì yí padà, bí 'kindly' ṣe ń di 'unkindly', inú Bàbá dùn kọjá ààlà. Wọ́n ní ẹni tó ronú èyí ti wa katakata rí.

Ohun tó tẹ̀lé e ni pé ilé kò rójú mọ́. Wọ́n fi 'un' sí ohun tó gbà á àti ohun tí kò gbà á. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyá mi ń ro ọkà, Bàbá dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ebi ń pa wọ́n, wọ́n ní, "You are cooking unquickly."

Ìyá mi kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n fi omorogùn sílẹ̀, wọ́n yíjú sí mi. "Kí ni wọ́n pè mí?"

"Wọ́n ní ẹ rọra ń ṣe é."

"Ṣé ìyìn ni àbí èébú?"

Mo ní n kò lè sọ. Ìyá mi gbé omorogùn wọn padà. "Sọ fún wọn kí wọ́n lọ jókòó unquickly níbẹ̀ yẹn. Bó bá jinná, wọ́n á rí i."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. N kò mọ̀ pé ẹ̀kọ́ mìíràn wà tí Bàbá ń kọ́ ara wọn lẹ́yìn mi. Baálé ilé wa ló sọ ọ́ fún mi nígbà tí gbogbo rẹ̀ ti kọjá. Bàbá ti lọ bá wọn ní ìyẹ̀wù wọn, wọ́n sì ti ṣàlàyé fún wọn pé Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn èèyàn ń pè ní èdè aláìníwà, irọ́ ni wọ́n ń pa mọ́ ọn. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì náà ní 'ìwọ' àti 'ẹ̀yin'. 'Slow' ni ti ọmọdé, 'slowly' ni ti àgbà. Wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n àwọn fetí sí rédíò dáadáa: ẹni tó bá ń bá ọba tàbí ọ̀gá sọ̀rọ̀, ìrù ló máa ń kún ẹnu rẹ̀, 'humbly' lósì, 'kindly' lọ́tùn-ún. Wọ́n ní, "Ọmọ mi tó jẹ́ tíṣà fúnra rẹ̀ ló pè é ní ọ̀rọ̀ àpọ́nlé. Ta ni a tún ń pọ́n lé ju àna lọ?"

Ní tèmi, gbólóhùn kan ni mo kọ́ wọn pé kí wọ́n fi ṣí ọ̀rọ̀ wọn: 'We sincerely welcome you.' Ahọ́n wọn kò gbé 'sincerely'. Wọ́n mú un lọ sóko kajú, wọ́n mú un bọ̀, ó ṣì ń jẹ́ 'sẹnsẹ́lì'. Mo ní kí wọ́n fi 'warmly' sí i. Wọ́n béèrè ohun tó jẹ́, mo ní ó ti ara lílọ́ wọ́ọ́rọ́ wá.

"Ṣé omi ìwẹ̀ làna mi ni?" Wọ́n na ẹsẹ̀. "Fi í sílẹ̀. Mo ti mọ ọ̀rọ̀ tó lágbára tí màá fi dí àlàfo yẹn."

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n dé. Ìsẹ́yìn ni wọ́n sùn mọ́jú, ihò tó wà lójú ọ̀nà kí wọ́n tó kọjá Komu sì ti gbọ̀n wọ́n débi pé wọ́n kọ́kọ́ dúró ti ọkọ̀ náà kí ara wọn tó rọlẹ̀. Àbúrò mi ló kó wọn wá. Bàbá ìyàwó ga, kò sì sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ́ńjínnì ọkọ̀ ojú omi ló fi gbogbo ayé rẹ̀ tún ṣe. Ìyá ìyàwó kúrú, ojú rẹ̀ sì mú. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó sì ń wo gbogbo wa bí ẹni tó fẹ́ mọ ẹni tí òtútù ń mú. Ìyàwó fúnra rẹ̀ kúnlẹ̀ fún ìyá mi, ó ní 'ẹ káàárọ̀', bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀sán ti pọ́n. Ìyá mi ní ó ti tó.

A fún wọn lómi àti kajú yíyan. Ewúrẹ́ ti wà nínú ìkòkò. Baálé ilé wa jókòó sí àárín, Ìyá Ìbejì tó múlé tì wá àti àwọn obìnrin ilé jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Bàbá wá dìde nínú gbárìyẹ̀ funfun, wọ́n ti fìlà síwájú, wọ́n gbé ọwọ́ lé àyà.

"My in-laws," Bàbá wí, "I greet you kindly."

Mo mí kanlẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀.

"You travelled badly."

Bàbá ìyàwó ń mi orí. Òótọ́ ni, ọ̀nà náà kò dáa.

"We hardly welcome you."

Èémí tí mo mí yẹn padà sínú mi. Bí ẹ kò bá ti ilé ìwé Gẹ̀ẹ́sì dé, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí òjò kò jẹ́ kí n sọ fún Bàbá. Gidigidi ni 'hard'. Ṣùgbọ́n bí a bá so ìrù mọ́ ọn, kò jẹ́ gidigidi mọ́; ekukáká ló ń jẹ́. Bàbá mi ti dúró láàárín ilé wọn, wọ́n sì ti sọ fún àwọn àna wọn pé ekukáká làwọn fi gbà wọ́n lálejò.

"We hardly love your daughter," Bàbá ń bá a lọ, ẹ̀rín kún ojú wọn. "My wife hardly cooked for you. My son, he hardly works."

Ìyẹn ni pé ekukáká la fi fẹ́ràn ọmọ wọn, ìyàwó àwọn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ dáná kankan, ọmọ àwọn kì í sì í fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣiṣẹ́. Àbúrò mi gbójú sókè, ó ń wo fáànù tí kò yí. Mo ń mi orí sí Bàbá pé kí wọ́n dúró. Wọ́n rò pé mo ń yìn wọ́n ni, wọ́n wá fi ọwọ́ lu àyà.

"Hardly," wọ́n wí, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. "Hardly, hardly, hardly."

Wọ́n jókòó. Àwọn ará ilé wa tí kò gbọ́ ohunkóhun pàtẹ́wọ́. Ìyá Ìbejì ní irú ẹnu tó já gaara báyìí, kí Bàbá ti máa sọ̀rọ̀ ní rédíò. Ìyá ìyàwó tẹ̀ sí etí ọmọ rẹ̀, ó bi í léèrè nǹkan kan ní èdè wọn. Mo gbọ́ 'hardly' láàárín rẹ̀.

Kí n tó mọ ẹsẹ̀ tí màá gbé, bàbá ìyàwó ti dìde. Ó wo ilẹ̀ bí ẹni tó ń wá ohun tó bọ́ sọnù, ó tún ọ̀nà ọ̀fun ṣe, ohùn tó wá jáde lẹ́nu rẹ̀ Yorùbá ni.

"Ẹ ṣé o," ó wí. "Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yín. Ọ̀rọ̀ yín dùn mí."

Ìyá Ìbejì gbé ọwọ́ lé orí.

"Ó dùn mí gan-an ni," ó ń bá a lọ. "Ó dùn ìyàwó mi náà. A ò ní gbàgbé láéláé."

Bàbá mi rọra yíjú sí mi. Gbogbo àwọ̀ ara wọn ti yí. "Kí ni mo ṣe?"

Baálé ilé wa kò dúró de àlàyé. Àgbà tó ti parí ìjà púpọ̀ ni wọ́n. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n bọ́ sílẹ̀ lórí àga, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ dákun, àna wa. Ẹ fi ojú fò ó. Bí a bá ti ṣẹ̀ yín, àìmọ̀ ni." Bí ìyá mi ti rí i, wọ́n kúnlẹ̀. Ìyá Ìbejì kúnlẹ̀. Àwọn obìnrin ẹ̀gbẹ́ ògiri kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá mi náà bẹ̀rẹ̀ sí í dọ̀bálẹ̀, gbárìyẹ̀ ń dí wọn lọ́wọ́.

Bàbá ìyàwó wo gbogbo ilé tó wólẹ̀ níwájú rẹ̀. Ojú rẹ̀ tàn. Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó pariwo tayọ̀tayọ̀ pé, "Ó dùn mí! Ó dùn mí púpọ̀!"

Ẹ̀bẹ̀ tún le sí i. Ẹnì kan ti ń sunkún lẹ́yìn.

Mo rìn lọ sí iwájú bàbá ìyàwó, mo sì fi Gẹ̀ẹ́sì bi í pé, ẹ jọ̀wọ́, sà, kí lẹ fẹ́ sọ? Ó ní ẹni tó ń bá òun jó irin ní èbúté, ọmọ Yorùbá ni, òun sì ti ń kọ́ èdè náà lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí ọmọ òun ti mú ọkọ wálé, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní ẹni náà kọ́ òun pé bí oúnjẹ bá dára, ó dùn; bí orin bá dára, ó dùn; bí ọ̀rọ̀ bá dára, ó dùn. Ó wá wo àwọn tó wà nílẹ̀. "Ṣé báyìí lẹ ṣe máa ń dúpẹ́ níbí ni?"

Mo ṣàlàyé fún un pé dídùn ni dídùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n bó bá ti fi 'mí' sí i lẹ́yìn, ọgbẹ́ ló ń jẹ́. 'Ọ̀rọ̀ yín dùn', ọpẹ́ nìyẹn. 'Ọ̀rọ̀ yín dùn mí', ìjà nìyẹn. Ó ronú sí i. Ó ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, báwo ló ṣe jẹ́ òdì ara rẹ̀? Èmi tí mo ti ń sọ Yorùbá láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, n kò ronú kàn án rí. Mo ní bó ṣe rí nìyẹn, sà.

Mo wá yí sí àwọn tiwa, mo ní kí wọ́n dìde, pé inú àna wa dùn ni. Baálé ilé wa dìde, wọ́n ń gbọn eruku. Wọ́n ní wọ́n dúpẹ́, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn kí àna máa fi èdè tirẹ̀ yọ̀.

Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. "Bó ti jẹ́ pé inú tirẹ̀ dùn," wọ́n bi mí, "kí ló dé tí ojú ìyàwó rẹ̀ fi rí báyẹn?"

Nítorí ìyá ìyàwó kò tíì sọ̀rọ̀ o. Ó ti gbé àpò rẹ̀ lé itan, ó di í mú. Ó wá fi Gẹ̀ẹ́sì bi mí, kò gbé ohùn sókè rárá, pé ṣé òun gbọ́ dáadáa ni tí bàbá mi ní ekukáká làwọn fi fẹ́ràn ọmọ òun, tí ó sì tún ń rẹ́rìn-ín sọ ọ́?

Ọkọ rẹ̀ ní òun náà gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, ó sì kọ́kọ́ ya òun lẹ́nu, àmọ́ òórùn ewúrẹ́ ló jẹ́ kí òun fọkàn balẹ̀. Ó ní ẹni tí kò fẹ́ àlejò kì í pa ewúrẹ́.

"Èmi kì í fi imú gbọ́ ọ̀rọ̀," ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn.

Mo jókòó ti Bàbá, mo sì sọ ohun tí 'hardly' jẹ́ fún wọn jẹ́jẹ́. Wọ́n gbọ́ mi tán. Wọ́n wo ọwọ́ wọn tí wọ́n fi lu àyà.

"Ìrù yẹn nìkan?"

"Ìrù yẹn nìkan, Bàbá."

"Gbogbo èyí tí mo wí nípa ìyá rẹ?"

"Ẹ ní wọn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ dáná."

Ìyá mi tó ń gbọ́ wa yí ojú sí wọn. Bàbá yára dìde kí ìyá mi tó sọ̀rọ̀. Wọ́n lọ dúró níwájú ìyá ìyàwó, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n fi pamọ́ sẹ́yìn bí ọmọ iléèwé. Wọn kò bi mí ní nǹkan kan.

"Madam," wọ́n wí. "Sorry. No tail. I hard love your daughter. Hard." Wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n wá tọ́ka sí ìyá mi. "My wife hard cook."

Kò sí ìwé gírámà kankan tí yóò gba gbólóhùn méjèèjì yẹn. Ìyá ìyàwó wo ojú Bàbá fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tó ń wo ibi tó ń ro aláìsàn. Lẹ́yìn náà, èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹkún ni. Ó fi àpò bo ojú, ó ń rẹ́rìn-ín, ọmọ rẹ̀ náà bá a rẹ́rìn-ín, àbúrò mi wá sọ ojú rẹ̀ kalẹ̀ lára fáànù.

A jẹun. Ìyá ìyàwó bu ọkà lẹ́ẹ̀kejì, ìyá mi sì ń wo ẹnu rẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè sódò, wọ́n ń mi orí. Bàbá mi àti bàbá ìyàwó lọ sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí egungun katakata kan wà tí Bàbá rà nígbà tí wọ́n ń ta àwọn tó ti kú. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí mo lọ pè wọ́n pé ilẹ̀ ń ṣú, àwọn méjèèjì ti fi orí bọ abẹ́ ẹ́ńjínnì, àwọn ọ̀rọ̀ tó ń jáde kò ju 'gasket', 'oil', 'no oil', 'ah'. Kò sí ìrù níbẹ̀ rárá, wọ́n sì gbọ́ ara wọn yé.

A lọ tọrọ ọmọ nílé wọn nígbà tó yá, ìgbéyàwó sì wáyé. Kí a tó lọ, àbúrò mi pè mí lẹ́ẹ̀mejì pé kí n bá òun bẹ Bàbá kí wọ́n sọ̀rọ̀ ní Yorùbá. Kò sídìí ẹ̀bẹ̀. Bàbá fúnra wọn ní èdè tó ń fi ìrù pọ́n àgbà lé ní àárọ̀, tó ń fi ìrù kan náà bú u ní ìrọ̀lẹ́, àwọn kò lè fi ọkàn tán an. Síbẹ̀, wọn kò fi í sílẹ̀ tán. Bí mo bá wá sílé, wọ́n á ní kí n dárúkọ ọ̀rọ̀ kan, wọ́n á bi mí bóyá ó ń gba ìrù, wọ́n á tún bi mí bí ìrù náà bá ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé.

Ìyá mi kò kọ́ ẹyọ Gẹ̀ẹ́sì kan títí di ìsinsìnyí. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni ìyá ìyàwó máa ń pè wọ́n lórí fóònù lẹ́yìn ìsìn. Àwọn ń sọ Yorùbá, ìyẹn ń sọ Ìbíbíò, ó sì máa ń gùn. Mo jókòó tì wọ́n nígbà kan, mo ń gbọ́ bí wọ́n ti ń kẹ́dùn, tí wọ́n ń sọ pé 'háà, pẹ̀lẹ́ o', tí wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n gbé fóònù sílẹ̀, mo bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń sọ.

"Orúnkún rẹ̀ tún ń yọ ọ́ lẹ́nu," wọ́n wí. "Ọkọ rẹ̀ kò sì jẹ́ kó sinmi."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀, Mọ́mì? Ẹ ò gbọ́ èdè rẹ̀."

Ìyá mi wò mí. "Obìnrin tó ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀," wọ́n ní, "kí ni ì bá tún máa sọ?"